Aṣọ Tí Kò Yẹ Ká Fọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú èèyàn tí ọkọ mi jẹ́, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ẹ ṣáà wá dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù wa, kí ẹ wo bó ṣe ń wo kọ́là àwọn tó ń kọjá lọ. Àwọn ẹlòmíì á wo ojú èèyàn kí wọ́n tó kí i. Kọ́là lọkọ tèmi ń wò. Ó lè máa bá èèyàn kẹ́dùn, kó máa mi orí, kó máa sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tù yín nínú", kí ojú rẹ̀ sì wà lára epo tó ta sí ẹnu àpò ẹni náà. Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀. Aláìlábàwọ́n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Òun ń fọ̀, èmi ń lọ̀. Iwájú ni ṣọ́ọ̀bù wà: káńtà kan, tábìlì méjì tí a fi ń lọ aṣọ, ìkòkò omi gbígbóná kan tó ga dé àyà mi, àti ọ̀pá gígùn tí aṣọ àwọn oníbàárà ń rọ̀ sí. Ẹ̀yìn ni à ń gbé: yàrá kan, pálọ̀ kan, àti ẹ̀yìnkùlé tí à ń sá aṣọ sí. Èmi ni mo ń gba aṣọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi náà ni mo sì ń dá àwọn tó bá fẹ́ fa wàhálà lóhùn, torí pé ẹnu mi mú, mi ò ní purọ́ fún yín. Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa méjèèjì. Mo ní síkáàfù búlúù kan tó ti ya létí, òun ni mo fi ń wé orí tí mo bá ń lọ aṣọ. Òógùn, ooru áyọ́ọ̀nù, òróró irun, gbogbo ẹ̀ ló ti mu yó. Ojoojúmọ́ lọkọ mi á máa sọ pé, "Ìyá àwọn ọmọ, mú un wá kí n fọ̀ ọ́. Ojú ń tì mí."

Ojoojúmọ́ lèmi náà á dá a lóhùn pé, "Tójú bá ń tì yín, ẹ dijú."

Ọjọ́ Ajé kan ni dókítà ẹranko wọlé tọ̀ wá wá. Ọmọdébìnrin ni lójú wa, a máa ń bá a fọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò mú aṣọ dání. Ajá ńlá kan ló fi okùn fà lọ́wọ́, ajá pupa tí irun imú rẹ̀ ti funfun tán, ojú méjèèjì sì ti rí bíi wàrà. Súwẹ́tà ògbólógbòó kan wà lábíyá dókítà.

"Ajá Bàbá Aláago ni," ó ní. "Bàbá tó ń tún aago ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀."

A mọ̀ ọ́n dáadáa. Oníbàárà wa ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló kú. Kò níyàwó, kò bímọ. Òun àti ajá rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé, àwọn méjèèjì kì í sì í pariwo, débi pé àwọn aládùúgbò ò mọ orúkọ tó ń pè é pàápàá.

"Ó tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá," ni dókítà wí. "Kò ríran mọ́. Ilé ìtọ́jú ajá ti kún, ẹni tó bá sì wá síbẹ̀, ọmọ ajá ló ń béèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á sílé fún oṣù kan, kí n fi máa wá ẹni tó máa mú un. Tí mi ò bá rí ẹnì kankan..." Ó fọwọ́ ra ajá náà lórí.

"Tí o ò bá rí ẹnì kankan ńkọ́?"

"Abẹ́rẹ́ ni, Mà. Á sùn, kò ní jí mọ́."

Háà! Kí ajá wọ ilé alágbàfọ̀? Irun ajá lórí aṣọ funfun ọmọ ọlọ́mọ! Omi gbígbóná ńkọ́? Áyọ́ọ̀nù ńkọ́? Mo ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ máa jáde, àfi bí mo ṣe rí ọkọ mi tó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ajá náà. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló ń sọ. "Ẹ kú ìrìn."

"Bàbá àwọn ọmọ, ajá lẹ ń kí báyẹn?"

"Wọ́n ní ọdún kan ajá tó méje tèèyàn," ó fèsì. "Ìwọ ṣírò ẹ̀. Èèyàn tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kí n wá máa pè é ní ìwọ?"

Bó ṣe di pé ajá bẹ̀rẹ̀ sí í gba "ẹ" nínú ilé mi nìyẹn. Àgbà la sọ ọ́. Onílé wa tó ń gbé lókè yọ orí lójú fèrèsé, ó ní òun fún wa ní oṣù kan. Tó bá fi lé ọjọ́ kan péré, àwa àti ajá náà la jọ máa kó jáde. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà." Ohun tí mo sọ nínú ikùn mi, mi ò lè kọ ọ́ síbí.

Ọkọ mi fi pákó dínà láàárín ṣọ́ọ̀bù àti pálọ̀, kí Àgbà má bàa dé ibi omi gbígbóná. Ó tẹ́ àwọn àkísà sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, ó sì kó súwẹ́tà Bàbá Aláago lé e lórí. Àgbà á ki imú rẹ̀ bọ inú apá súwẹ́tà náà, á mí kanlẹ̀, á sùn lọ. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó ti mọ ọ̀nà láti kọ̀rọ̀ dé ẹ̀yìnkùlé. Á forí gbá ẹsẹ̀ àga lẹ́ẹ̀kan, kò ní gbá a mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ń lọ dáadáa. Èmi tí mo ní mi ò fẹ́ rí i, ọjọ́ kẹrin ni mo gbé tìmùtìmù orí àga mi fún un. Mo ní torí kó má bàa ba ilẹ̀ jẹ́ ni. Ọkọ mi wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sọ nǹkan kan. Orí ẹ̀ bá a ṣe é.

Ó wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta. A ti fọ gbogbo aṣọ tán, kò sí nǹkan nílẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ti tán báyẹn, ọwọ́ á máa yún ọkọ mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ bá bọ́ sára súwẹ́tà.

"Wo ohun tí àgbàlagbà ń sùn lé," ó ní. "Epo aago, tábà, itọ́. Aṣọ yìí ò tíì fojú kan omi láti bí ọdún mẹ́wàá. Mo fẹ́ ṣe wọ́n lálejò."

Bí Àgbà ṣe lọ sẹ́yìnkùlé láti yáàrùn, ọkọ mi mú súwẹ́tà náà. Ó rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó fi ọṣẹ funfun fọ̀ ọ́, ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ó da lọ́fíńdà díẹ̀ sínú omi tó kẹ́yìn. Mi ò ní yọ ara mi kúrò níbẹ̀ o: èmi ni mo lọ̀ ọ́. Ẹ máa gbọ́, súwẹ́tà tí gbogbo wa rò pé dúdú ni, àwọ̀ ewé ni! Ọkọ mi gbé e sókè níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pe àwọn tó ń kọjá kí wọ́n wá wò ó. Ó ká a, ó fi í sí kọ̀rọ̀, ó dúró tì í bí ẹni tó ń dúró de oríyìn.

Àgbà wọlé. Ó lọ sí kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sọ imú kalẹ̀, ó sín. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó yí súwẹ́tà náà ká, ó fi ẹsẹ̀ wa àwọn àkísà, ó ki imú bọ abẹ́ àga, ó lọ síbi ilẹ̀kùn, ó padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í forí gbá gbogbo nǹkan, títí kan ẹsẹ̀ àga tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń sunkún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Oúnjẹ tí mo gbé fún un lọ́jọ́ náà, kò fẹnu kàn án. Ti ọjọ́ kejì, bákan náà. Ti ọjọ́ kẹta, bákan náà. Ara mi ò gbà á mọ́, mo ránṣẹ́ pe dókítà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló dé. Ó yẹ ẹnu wò, ó yẹ ikùn wò, ó ní kò ṣàìsàn. "Kí lẹ ṣe fún un?"

"A ò ṣe nǹkan kan," ni ọkọ mi wí. "A kàn bá wọn fọ súwẹ́tà wọn ni."

Dókítà gbé súwẹ́tà, ó fi sí imú, ó fọwọ́ bojú. "Ẹ̀yin Bàbá, imú ló fi ń ríran. Òórùn ọ̀gá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó rò pé ọ̀gá òun ṣì wà nítòsí ni." Ó jókòó. "Ó ti dàgbà jù, kò lè fara da ebi. Tó bá fi máa di ọjọ́ Ẹtì tí kò bá jẹun, màá gbé abẹ́rẹ́ náà wá. Mi ò ní jẹ́ kó jìyà."

Dókítà lọ. Ọkọ mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àgbà, aṣọ àwọn èèyàn wà nínú omi, kò yíjú sí i. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ, mi ò rí irú ẹ̀ rí.

"Mo ti fọ ọ̀gá wọn dànù," ó ní. "Ohun tó ṣẹ́ kù fún wọn láyé, èmi ni mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Omi ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá fi gún un lára bí mo ṣe máa ń ṣe, mi ò rí ẹyọ kan. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ Rú, mò ń tanná áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ nígbà tó pariwo látẹ̀yìn. "Kóòtù!"

"Kóòtù ta ni?"

"Kóòtù aláwọ̀ ilẹ̀ ti Bàbá Aláago! Èyí tí bọ́tìnnì kẹta ti já lára ẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ kó mú un wá, ó ní òun máa mú un wá, òun máa mú un wá, kò mú un wá títí tó fi kú. Ìyá àwọn ọmọ, mi ò fọ̀ ọ́ rí!"

"Ta ló wá wà lọ́wọ́ ẹ̀?"

"Àbúrò ẹ̀, dírẹ́bà yẹn. Òun ló wọ̀ ọ́ níbi ìsìnkú. Apá ẹ̀ kúrú sí i."

Mo sọ fún yín àbí mi ò sọ? Gbogbo wa ń wo pósí, kóòtù lòun ń wò.

Ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, torí pé dókítà ti sọ fún wa pé dírẹ́bà yìí lòun kọ́kọ́ lọ bá nígbà tí Bàbá Aláago kú, ó sì lé òun jáde pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá. Àmọ́ mo wé síkáàfù mi, mo tẹ̀ lé ọkọ mi.

Ilé ìsàlẹ̀ ni ọkùnrin náà ń gbé, lẹ́yìn gáréèjì àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ti ṣe dírẹ́bà fún ogójì ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó ṣílẹ̀kùn díẹ̀. Kóòtù náà ló wọ̀, nínú ilé, nínú ooru. Bó ṣe rí ọkọ mi báyìí, ó di kọ́là kóòtù náà mú.

"Rárá o! Mo dá yín mọ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fọṣọ. Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ fọ kóòtù yìí!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni ọkọ mi wí, "ẹ má fọ̀ ọ́. Ohun tí mo wá bẹ̀ yín nìyẹn."

Ẹ wò ó, mo ti bá ọkùnrin yìí gbé fún ọdún gbọọrọ, mi ò rò pé irú gbólóhùn yẹn lè jáde lẹ́nu ẹ̀. Dírẹ́bà náà la ẹnu sílẹ̀. Ó ní ká wọlé.

Ọkọ mi ro ẹjọ́ ara rẹ̀ látòkèdélẹ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní kí dírẹ́bà yá wa ní kóòtù náà títí Àgbà á fi jẹun. Dírẹ́bà mi orí. "Ẹ̀gbọ́n mi kú. Mi ò tíì lè sùn. Ajá ẹ̀ náà ti ń lọ. Ẹ fẹ́ kí n tún máa wo ìyẹn náà títí tó fi máa kú? Mi ò lè ṣe é."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n sọ̀rọ̀, mo sọ ọ́ náà. "Ṣé ẹ rò pé tí ẹ ò bá wò ó, kò ní kú ni? Ọjọ́ Ẹtì ló máa kú, ní kọ̀rọ̀ ilé alágbàfọ̀, láàárín àwọn tí kò mọ̀ rí, tí á máa fi imú wá ẹ̀gbọ́n yín káàkiri!"

Ọkọ mi ń fa aṣọ mi látẹ̀yìn. Dírẹ́bà tún di kọ́là kóòtù náà mú pinpin. Nígbà tó yá, ó ní, "Mi ò ní bọ́ kóòtù yìí fún ẹnikẹ́ni. Èmi fúnra mi ni màá wọ̀ ọ́ wá. Lọ́la, láago mẹ́wàá. Màá jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, màá sì máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́wàá lù, a ò rí i. Mọ́kànlá lù. Èmi tí kì í jó aṣọ, mo fi áyọ́ọ̀nù jó kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì tíṣà kan. Ó ti ń lọ sí ọ̀sán kí dírẹ́bà tó yọ lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní òun ti dé ìkòríta lẹ́ẹ̀mejì tóun padà.

Àgbà dùbúlẹ̀ ti ògiri, èèyàn lè ka eegun ìhà rẹ̀. Dírẹ́bà dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pálọ̀, kò lè wọlé. Kó tó sọ̀rọ̀, imú Àgbà gbé sókè. Ó tún gbé e sókè sí i. Ó dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì gba àárín pálọ̀ kọjá tààrà, kò forí gbá tábìlì, kò forí gbá àga. Ó dé ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, ó ti gbogbo orí rẹ̀ bọ abẹ́ kóòtù náà, ó dúró síbẹ̀. Ìrù rẹ̀ ń na kọ́bọ́ọ̀dù mi, pà, pà, pà.

Ọwọ́ dírẹ́bà wà lókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. "Àlejò," ló wí. "Àlejò ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè é. Lọ́jọ́ tó sá fún òjò wọ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, kò tíì ju ọmọ ọwọ́ lọ, ẹ̀gbọ́n mi ní àlejò ni, ọ̀la ló máa lọ." Ó gbé ọwọ́ náà lé e lórí, ó bú sẹ́kún. Mo yíjú sí ògiri, èmi náà ń nu ojú mi.

Mo rẹ búrẹ́dì sínú mílíìkì, mo gbé e fún dírẹ́bà. Ọwọ́ rẹ̀ ni Àlejò ti jẹ ẹ́ tán, ó tún lá àwo. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn di ìgbà tí a fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ mi sún mọ́ mi, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Wo kóòtù yẹn. Epo lẹ́nu àpò. Ìdọ̀tí lọ́rùn."

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ dákẹ́!"

"Mi ò ní kí n fọ̀ ọ́. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí dókítà dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó bá àwọn méjèèjì lórí ilẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ó rọra ti àpò abẹ́rẹ́ sẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni dírẹ́bà ń wá. Ojoojúmọ́ ló sì ń sọ ọ́ kó tó jókòó pé, "Mi ò mú un lọ o, kẹ́nikẹ́ni má bẹ̀ mí." A ò bẹ̀ ẹ́. Dókítà ń wá ilé kiri, kò rí. Onílé ń ka ọjọ́ lójú fèrèsé. Oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kun ojú èmi àti ọkọ mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù pé, dírẹ́bà pè mí. "Ìyàwó wa, ẹ ò ní àkísà? Mo fẹ́ fi nu fèrèsé."

Ọkọ mi kó àkísà wá, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti ká wọn. Bẹ́ẹ̀ ni, àkísà náà là ń fọ̀ nílé wa. Dírẹ́bà wúkọ́. "Èyí tí Àlejò ń sùn lé ni mo ní lọ́kàn. Èyí tí ẹ ò tíì fọ̀."

Mo wò ó lójú. "Ẹ̀gbọ́n, àkísà tí ajá sùn lé lẹ fẹ́ fi nu fèrèsé?"

Ó tẹrí ba bí ọmọ iléèwé. Ó ní òun ti gbé àga méjì jáde nínú ilé. Ó ní òun fẹ́ di àkísà mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì àti ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí Àlejò lè máa gbóòórùn ara rẹ̀ níbẹ̀, kó má bàa forí gbá a. "Láti ẹnu ọ̀nà dé ibi tó máa sùn sí, ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án ni. Mo dijú rìn ín. Mo forí gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì."

"Ẹ ní ẹ ò lè wò ó títí tó fi máa kú," ni mo wí, mo sì rọra sọ ọ́.

"Mi ò lè wò ó. Àmọ́ mi ò fẹ́ kó máa wá mi kó má rí mi."

Ọjọ́ tó ń mú un lọ, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́. "Ó dàbọ̀, sà," ó ní. "Ẹ má bínú sí mi." Àlejò lá a létí. Ọkọ mi nawọ́ súwẹ́tà aláwọ̀ ewé sí dírẹ́bà, ojú ń tì í. Dírẹ́bà gbà á. "Màá máa wọ̀ ọ́," ó ní. "Á tún dọ̀tí." Wọ́n gba títì lọ, dírẹ́bà ń ka ìṣísẹ̀ sókè, ajá náà fi imú kan etí kóòtù. Wọ́n ṣì jọ wà di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò rí síkáàfù búlúù mi mọ́. Mo tú ilé, mo tú ṣọ́ọ̀bù, mo fẹ̀sùn kan àwọn oníbàárà nínú ọkàn mi. Mo bi ọkọ mi. "Mi ò rí i o," ó ní, kò gbójú sókè lórí aṣọ tó ń fọ̀. Mo ní ó ti jù ú nù, alágbàfọ̀ burúkú, mo sì bá a jà fún ọjọ́ méjì gbáko.

Lọ́jọ́ kan tó jáde, mò ń wá bọ́tìnnì. Mo fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì rẹ̀ jáde. Lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì, mo rí ọ̀rá kan tó fi okùn di lẹ́nu pinpin, ìdè mẹ́ta. Síkáàfù mi ló wà nínú ẹ̀. Kò fọ̀ ọ́. Òógùn mi, òróró irun mi, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ bí mo ṣe bọ́ ọ sílẹ̀.

Mo jókòó sórí àpótí ọṣẹ, mo sunkún dáadáa. Nígbà tí mo sunkún tán, mo di ìdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà bí mo ṣe bá wọn, mo da àwọn bọ́tìnnì bò ó, mo ti dúrọ́ọ̀ náà.

Mo ti ra síkáàfù mìíràn, pupa ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo máa ń fún un kó fọ̀ ọ́, mi ò sì jiyàn mọ́. Àmọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí iṣẹ́ bá dákẹ́, mo máa ń pè é látìdí áyọ́ọ̀nù pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ò ì tíì bá mi rí síkáàfù mi yẹn?"

"Mi ò rí i o," á ní.

"Kò burú," mo máa ń sọ fún un. "Ẹ máa bá mi wá a."